WỌ́N RAN SÍÌTÌ MỌ́TÒ BÀBÁ BÍ AṢỌ ÀRÍYÁ, ṢÙGBỌ́N ABẸ́ RẸ̀ TI JẸRÀ!

Ìyá aláṣọ kan ló tú àṣírí iṣẹ́ èrú náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ìjókòó ọkọ̀ lọ fún àtúnṣe, ẹ wá gbọ́ o.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa lápálápá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ àti lápálápá ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ ìjókòó mọ́tò ni. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé, "Èmi tí n kò ní kẹ̀kẹ́, kí ló kàn mí nínú síìtì mọ́tò?" Ẹ ní sùúrù. Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ránṣọ, ẹni tó ń jó irin, ẹni tó ń ṣe àga, títí dé orí ẹni tó ń wọ dánfó lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni mọ́tò tí mò ń wí yìí. Lọ́dún 1971, nígbà tó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, ó di mọ́tò kékeré kan sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì lọ gbà á ní Àpápá. MGB ni wọ́n ń pè é, ọmọ ọdún kan péré sì ni nígbà náà. Mọ́tò spọ́ọ̀tì ni, ìjókòó méjì péré, orí rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹni ká ẹní. Ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1962 títí di 1980, iye tí wọ́n sì ṣe lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Kì í ṣe mọ́tò ọba. Mọ́tò ọ̀dọ́ tó fẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí òun lórí ni.

Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí ọwọ́ òsì títì ni àwa náà ń gbà ní Nàìjíríà nígbà yẹn. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni ìjọba ní kí gbogbo wa máa gba ọwọ́ ọ̀tún. Gbogbo ìlú yí, sítíárìn mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi kò yí. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Gbági, a jókòó sọ́wọ́ òsì, a máa yọrí wò ó fún ọkọ rẹ̀ bóyá títì mọ́ kó tó ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń wa mọ́tò ọ̀hún, ká má purọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sọ́run. Mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún gbọọrọ, adìẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀. Àfi bí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ṣe wá bá mi lọ́jọ́ kan tó ní, "Bàbá kékeré, Màmá yóò pé ẹni ọdún 75. Mo fẹ́ fi mọ́tò Dádì gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà." Orí mi wú. Mo ní, "Ọmọ mi, o ṣe é re."

Mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ó jí. Wọ́n kun ún, ó ń dán. Ó wá ku ìjókòó méjì.

BÍ ÌJÓKÒÓ ṢE Ń KÚ

Kí n tó sọ ohun tí ojú wa rí, ẹ jẹ́ n sọ bí wọ́n ṣe to síìtì náà, kí ọ̀rọ̀ lè yé wa. Ẹ wò ó bí ibùsùn. Ibùsùn ní igi tó gbé e dúró, ó ní pákó tó tẹ́ sáàárín, ó ní fóòmù, ó sì ní aṣọ tó bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni síìtì. Irin ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀. Wọ́n wá ta rọ́bà pẹlẹbẹ kan sáàárín irin náà, bí ẹni ta awọ sójú ìlù. Ìkọ́ wáyà wà létí rọ́bà yìí, ìkọ́ yẹn ló ń há sínú ihò tó wà lára irin. Orí rọ́bà ni fóòmù jókòó lé. Lẹ́dà ló bo gbogbo rẹ̀ lójú. Lẹ́dà tí mo wí yìí kì í ṣe awọ màlúù o. Àwọn MGB àkọ́kọ́ ní awọ gidi lójú síìtì, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́dà ni wọ́n ti ń lò.

Lábẹ́ síìtì, irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì wà tó fi ń sún síwájú sẹ́yìn. Bóòtù mẹ́rin ló dè wọ́n mọ́lẹ̀, wọ́n sì tẹ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín irin yìí àti ilẹ̀ mọ́tò.

Gbogbo wọn ló ní ohun tó ń pa wọ́n. Oòrùn ló ń pa lẹ́dà: yóò gbẹ ohun tó ń mú un rọ̀ kúrò lára rẹ̀, lẹ́dà á le, á sì sán bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara. Ibi tó kọ́kọ́ ń ya ni etí síìtì dẹ́rẹ́bà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ń ha bí èèyàn bá ń wọlé tó ń jáde. Fóòmù tó ti gbó a máa kú sí lúbúlúbú bí ẹlùbọ́. Rọ́bà a máa gbẹ, a sì já. Mọ́tò tí orí rẹ̀ ń ká, òjò kì í ṣàì rí ọ̀nà wọ inú rẹ̀. Òjò yìí ló ń jẹ igi, òun náà ló ń mú kí irin dípẹtà.

Ẹ wá kíyè sí i: nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí, lẹ́dà nìkan ni ojú rí. Ibẹ̀ gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ jẹ èrú ti ń jẹ ẹ́.

ỌJỌ́ MÉJÌ, IṢẸ́ PARÍ!

Ọmọ wa gbé síìtì lọ bá oníṣẹ́ kan. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní í dárúkọ àdúgbò rẹ̀. Kò tú nǹkan kan wò. Bó ṣe rí síìtì nílẹ̀ ló ti dá iye, owó tó tó ra àpò ìrẹsì kan, kó tún ṣẹ́ kù ra òróró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbé e lọ́tùúnla."

Lọ́tùúnla lóòótọ́, síìtì ti parí. Háà! Lẹ́dà pupa tó ń kọ mànà, páípìn funfun létí rẹ̀ bí èyí tí àwọn télọ̀ ń fi sí ọrùn aṣọ. Oníṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló bá a dè é mọ́ mọ́tò. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ya fọ́tò nínú rẹ̀. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí náà jókòó sí i, mo ya tèmi. Mo kàn ṣàkíyèsí pé orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ga ju gíláàsì iwájú lọ, mo sì rò pé bóyá mo ti sanra ni.

Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá sí ayẹyẹ ni ọmọ wa wà á jáde, tó ń gun òkè Mọ́kọ́lá bọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ó dúró lórí òkè, ọkọ̀ iwájú ṣí, òun náà fẹ́ ṣí. Bó ṣe ní kí ọkọ̀ gbéra báyìí, gbàà! Iwájú síìtì gbéra nílẹ̀, síìtì dojú sẹ́yìn tòun tẹni tó jókòó sórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, ẹ́ńjìnnì kú, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sísàlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́kadà ni, ó gbé obìnrin kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lẹ́sẹ̀. Orí ló ní kí ọmọ yìí rántí bíréèkì ọwọ́. Ó fà á. Ọkọ̀ dúró nígbà tí kò ku ju apá kan lọ sára ọlọ́kadà náà.

Nígbà tó délé, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní òun yóò ta mọ́tò náà fún àwọn tó ń ra irin jàǹkárá. Ó ní mọ́tò ló ti gbó.

"ALÁṢỌ KÌ Í WO OJÚ AṢỌ NÌKAN"

Ìyá rẹ̀ gbọ́, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n tú síìtì sílẹ̀, kí wọ́n gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fi ọwọ́ pa á, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wá kọjú sí mi, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jókòó kẹ́ ẹ wò ó. Láti bí àádọ́ta ọdún tí mo ti ń ta aṣọ, aláṣọ kì í wo ojú aṣọ nìkan. Ẹ̀yìn aṣọ la fi ń mọ èyí tí yóò ṣí àti èyí tí yóò gbó mọ́ni lára. Ẹ bá mi dojú nǹkan yìí délẹ̀."

A dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú bá mi.

Rọ́bà tí mo ní wọ́n ń ta bí awọ ìlù ti já sí méjì, ó rọ̀ wálẹ̀ bí etí ajá. Oníṣẹ́ wa kò pààrọ̀ rẹ̀. Páálí ló ká sí i, ó fi àkísà dí i. Fóòmù àtijọ́ tó ti di lúbúlúbú wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó kàn gbé fóòmù tuntun olówó pọ́ọ́kú lé e lórí ni, ìdí nìyẹn tí orí mi fi ga. Èyí tó burú jù ni pé kò tilẹ̀ bọ́ lẹ́dà àtijọ́: ó ran tuntun mọ́ ọn lórí, bí ẹni tí kò wẹ̀ tó wọ agbádá. Bóòtù mẹ́rin tó yẹ kó de síìtì mọ́lẹ̀ ti di méjì, ẹ̀yìn ni méjèèjì sì wà. Kò sí ẹyọ kan níwájú! Igi abẹ́ rẹ̀, ìka la fi rún un.

Ìyá ní, "Ṣé ẹ rí i? Mọ́tò kọ́ ló fẹ́ pa ọmọ mi."

KÍ A RA ÒMÍRÀN NI, ÀBÍ KÍ A TÚN UN ṢE?

Bàbá àgbàlagbà kan wà ní Ìbàdàn níhìn-ín tó ń ṣe kúṣìn àti ìjókòó mọ́tò. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la gbà lọ. A bi í pé èló ni, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má bínú, mi ò kì í dá iye iṣẹ́ tí mi ò tíì tú." Mo ní nínú ara mi pé a ti dé ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ dé.

Ọmọ wa dá a lábàá pé kí àwọn lọ sí Ládípọ̀ lọ ra síìtì tòkunbọ̀ ti mọ́tò mìíràn, kí wọ́n gbé e sí i. Bàbá kò bú u. Ó ní àwọn èèyàn ń ṣe é. Lóòótọ́ ni: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ló ń gbé síìtì Mazda MX-5, mọ́tò spọ́ọ̀tì tí àwọn ará Japan gbé jáde lọ́dún 1989, sínú MGB, nítorí pé òun náà kò fẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá ní kí a wo ohun mẹ́ta. Èkíní, ṣé yóò wọ àárín ilẹ̀kùn àti òkè tó la àárín mọ́tò kọjá? Èkejì, ṣé kò ní í ga tí orí dẹ́rẹ́bà yóò fi ré kọjá gíláàsì? Ẹ̀kẹta, èyí tó wúwo jù: ihò bóòtù rẹ̀ kò ní í bá ti MGB mu. Wọn yóò nílò irin mìíràn láti fi so ó mọ́lẹ̀, bí wẹ́dà kò bá sì mọ ohun tó ń ṣe, ohun tó já lórí òkè Mọ́kọ́lá yóò tún já.

Ó ní, "Egungun síìtì yín ṣì dára. Ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe, ká fi ọwọ́ wa ṣe é. Ohun tí ọwọ́ wa ò lè ṣe, ẹ jẹ́ ká rà á." Ọ̀rọ̀ yìí ló yanjú gbogbo rẹ̀. Rọ́bà abẹ́ síìtì, ọwọ́ wa kò lè ṣe é. Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara MGB títí di òní, rọ́bà yẹn náà wà lára rẹ̀. Ọmọ wa obìnrin tó wà ní London rà á, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé. Fóòmù àti lẹ́dà tí wọ́n ti rán sílẹ̀ náà wà lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n owó wọn ga. Bàbá ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun.

IṢẸ́ ỌJỌ́ MẸ́SÀN-ÁN

Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rí bí ó ṣe ń ṣe é.

Ó kọ́kọ́ tú lẹ́dà èrú náà dànù. Lẹ́dà àtijọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló fẹ́. Ó fi bíléèdì tú ojú rírán rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn ìkọ̀ọ̀kan: ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Àwọn yẹn ló tẹ́ sórí lẹ́dà tuntun tó fi gé e, bí télọ̀ ṣe ń fi aṣọ àtijọ́ wọn aṣọ tuntun.

Àwọn ọmọṣẹ́ ha ìpẹtà ara irin, wẹ́dà jó ibi tó ti sán, wọ́n kùn ún. Rọ́bà tuntun dé, wọ́n fi ìkọ́ rẹ̀ há ihò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó le gbandi. Bàbá gé fóòmù líle, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ bí ẹni gbẹ́ igi. Kó tó fi lẹ́dà bò ó, ó ránṣẹ́ pe ọmọ wa pé kó wá jókòó sí i nínú mọ́tò. Ó wo orí rẹ̀, ó wo gíláàsì, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì. Ó tún gé díẹ̀ kúrò. Ó ní, "Ẹni tí yóò wà á ni mò ń wọ̀n, kì í ṣe mọ́tò."

Òwú ọ̀rá ló fi rán an, kì í ṣe òwú télọ̀, nítorí òwú télọ̀ yóò jẹrà nínú òógùn. Mo rò pé ojú rírán tó bá sún mọ́ra ló ń lágbára. Bàbá ní rárá o, ó ní lẹ́dà kì í ṣe aṣọ. Ihò abẹ́rẹ́ kì í dì lára rẹ̀, bí ihò bá sì pọ̀ jù, á ya gbẹẹrẹ bí etí sítáǹbù lẹ́tà.

Nígbà tó parí rírán, ó sá lẹ́dà sóòrùn títí ó fi rọ̀, ó wá fà á wọ síìtì bí ìbọ̀sẹ̀. Àwọn Òyìnbó a máa wá ohun tí wọ́n yóò fi yá a lórí. Tiwa, Ọlọ́run fi fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Igi líle tó ti kùn ló tẹ́ sábẹ́, bóòtù tuntun mẹ́rin ló fi dè é. Ó pe ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó sanra jù, ó ní kó di síìtì mú kó mì ín tagbáratagbára. Mọ́tò mì, síìtì kò yẹ̀.

Owó rẹ̀ ju ti ẹni àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po méjì. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: owó àkọ́kọ́ gbé, ti ẹlẹ́ẹ̀kejì la fi jókòó.

YẸTÍ TÓ DÁ ÌJÀ SÍLẸ̀

Nígbà tí Bàbá ń tú fóòmù àtijọ́, ó rí ohun méjì tó há sáàárín ìdí síìtì òsì àti ẹ̀yìn rẹ̀. Èkíní ni ṣílè kan. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni a ti fi pọ́n-ùn àti ṣílè sílẹ̀ bọ́ sí náírà, nítorí náà ẹ lè mọ ìgbà tó ti wà níbẹ̀. Èkejì ni yẹtí góòlù ẹyọ kan. Bàbá wé e sínú pépà, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́: góòlù ni o, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Mo gbé e fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ó wò ó títí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, tèmi ni. Mo ní obìnrin kan ló wọ mọ́tò tó jí i. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò fi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ó búra búra, mi ò gbà." Ó dákẹ́. Ó wá ní, "Abẹ́ ìdí mi ló wà."

OHUN TÍ Ẹ Ó DÌ MÚ

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ má gba iye lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì tú síìtì wò. Kí ẹ tó sanwó tán, ẹ ní kó dojú rẹ̀ délẹ̀, kẹ́ ẹ wo abẹ́. Ẹ ka bóòtù. Ẹ jókòó sí i kó tó fi lẹ́dà bò ó. Ẹ gba lẹ́dà àtijọ́ yín padà. Ìyẹn ni ẹ̀rí pé ó bọ́ ọ.

Ìkìlọ̀ kan tún wà fún ẹ̀yin tí ẹ ń wa tòkunbọ̀ òde òní. Púpọ̀ nínú wọn ní àpò afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀gbẹ́ síìtì, tó ń bẹ́ jáde láti gba ara èèyàn lọ́wọ́ ìjàǹbá. Bí ẹ bá rí AIRBAG tàbí SRS tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ síìtì yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran lẹ́dà bò ó, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tú u. Ojú rírán ibẹ̀, wọ́n dìídì ṣe é kó lè ya ni. Bí ẹ bá fi òwú líle pa á dé, àpò náà lè má rí ọ̀nà jáde lọ́jọ́ tí ẹ nílò rẹ̀.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé oníbàárà a máa ná ọjà dójú ikú, ebi kì í sì í jẹ́ ká kọ iṣẹ́. Bí owó rẹ̀ kò bá tó, ẹ sọ ọ́ fún un lójú. Ẹ ní, "Owó yìí á pààrọ̀ rọ́bà àti bóòtù, kí lẹ́dà dúró dìgbà mìíràn." Ẹni tó jókòó lórí lẹ́dà tó ya, ìtìjú ló máa rí. Ẹni tó jókòó lórí bóòtù méjì, ẹ ti gbọ́ ohun tó fẹ́ rí.

Lọ́jọ́ tí Ìyá pé ọdún 75, ọmọ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un. Ó so gèlè, ó wọ aṣọ òkè, ó fi yẹtí méjèèjì sétí. Gbogbo wa rò pé yóò wọlé jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ mì síìtì náà lẹ́ẹ̀mejì, ó yọjú wo abẹ́ rẹ̀. Ó tó wọlé, ó ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ. Jẹ́ n máa bá ẹ wo títì."

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ló ti ṣe irú rẹ̀ fún yín rí, yálà ní ti mọ́tò, ní ti àga, tàbí ní ti aṣọ? Ẹ̀yin oníṣẹ́ náà, kí ni oníbàárà ti fojú yín rí? Ẹ kọ̀wé sí wa, a ó tẹ̀ ẹ́ sí ojú ewé lẹ́tà. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.